Ta Ni Yóò Dáhùn fún Oyinadé?

“Tẹjú, o ò tíì dá mi lóhùn.”

Tẹjú gbọ́. Ó kàn gbájú mọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà ni, bí ẹni pé òkúta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Olúwaníyì Ilésanmí, jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì tí wọ́n fi POP dì sórí àpótí. Páálí bísíkíìtì ló wó lu ẹsẹ̀ náà ní ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fi tẹlẹ̀.

“Kí ni kí n dá yín lóhùn sí?” ni Tẹjú wí níkẹyìn. “Mo ṣáà ń ṣa ẹ̀wà. Ọdọọdún ni mò ń se oúnjẹ fún wọn, n ó sì sè é lọ́la.”

“Mi ò sọ ti oúnjẹ. Mo ní tí Alága àdúgbò bá pe orúkọ Oyinadé, kí o bá mi dáhùn.”

Ohùn rẹ̀ rọ̀ bó ṣe dé orí orúkọ náà. Ó máa ń rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí Tẹjú ti ń gbé ilé yìí, tó bí Jọmílójú síbẹ̀, tó ń ti ibẹ̀ lọ síṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, kò tíì gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ pe òun. Ti òun kò ju “Tẹjú, súgà dà?” àti “Tẹjú, wọ́n ti mú iná lọ” lọ.

“Mo gbọ́,” ni ó wí, ó sì gbé ẹ̀wà wọ ilé ìdáná.

“Mo gbọ́” kì í ṣe “bẹ́ẹ̀ ni.” Olúwaníyì mọ̀, ṣùgbọ́n kò bèèrè mọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Jánúárì ọdún 2002 ni ibi tí àwọn ológun ń kó bọ́ǹbù sí ní Ìkẹjà gbiná. Ilẹ̀ ń mì, wíńdò ń fọ́, àwọn èèyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Oyinadé, ìyàwó tí Olúwaníyì kọ́kọ́ fẹ́, ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òṣòdì lẹ́yìn ìsìn. Ó bá èrò sá dé Òkè-Àfà. Ilẹ̀ ti ṣú, koríko ti bo ojú omi kànáàlì tó wà níbẹ̀, àwọn tó wà níwájú fi omi pe ilẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Kò tíì bímọ nígbà tí omi náà gbé e lọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Olúwaníyì gbé Tẹjú níyàwó.

Oyinadé nìkan kọ́ ni àdúgbò wọn pàdánù lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége, ibi tí gọ́tà gbòòrò kan gbà kọjá, gbogbo wọn máa ń pàdé ní àyájọ́ ọjọ́ náà, onílé àti ayálégbé, mùsùlùmí àti kristẹni, láti kó koríko àti pàǹtírí kúrò lójú omi. Wọn kì í san owó fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tún fi omi pe ilẹ̀ ládùúgbò àwọn. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Alága á pe orúkọ àwọn tó lọ. Bó bá pe ọ̀kan, ará ilé olóògbé náà á dáhùn pé, “A wà níbí,” á sì mú ṣọ́bìrì kan. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò bá ti rẹ́ni dáhùn, wọn kì í pè é mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí ó máa ń dun àwọn èèyàn láti pe orúkọ kí ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Orúkọ méjì ti bọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹbí wọn ti kó lọ síbòmíràn.

Ká sòótọ́, òkú ni Tẹjú ń jowú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì í, ṣùgbọ́n ìtìjú ò dín owú kù. Ìyáálé tó wà láàyè, èèyàn á bá a fa ọ̀rọ̀, á rí i tó ń sanra, á rí i tí irun rẹ̀ ń funfun. Oyinadé ò sanra. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó lọ, ibẹ̀ ló sì dúró sí, nígbà tí Tẹjú ń sún mọ́ àádọ́ta. Bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ ládùúgbò, kò jó ìrẹsì rí, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀ rí. Lọ́dọọdún, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti gọ́tà jáde, tí Tẹjú bu ẹ̀wà fún wọn pẹ̀lú búrẹ́dì Agége, á máa retí kí wọ́n yin òun. Wọ́n á jẹ, wọ́n á lá ọwọ́, Ìyá Hàmdálàt tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wọn á wá mí kanlẹ̀, á ní, “Irú ẹ̀wà yìí, Oyinadé ì bá jẹ ẹ́ yó.” Tẹjú ló fara gba èéfín, òkú ló gba ìyìn.

Kò pe orúkọ náà rí. “Ẹni yẹn” ló máa ń wí, tó bá di dandan. Èyí tó wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ilé ni àdúgbò pè é. Wọ́n ní ọmọ Èkìtì tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kì í pe ìyáálé rẹ̀ lórúkọ bí ìyẹn tilẹ̀ ti kú. Àwọn àgbà obìnrin a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó tuntun. Tẹjú á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ibi tó ti ń fọ ẹ̀wà ni èrò náà ti wá sí i lọ́kàn. Bí òun ò bá dáhùn lọ́la ńkọ́? Kí òun kàn dákẹ́. Òun ò purọ́, òun ò bú ẹnikẹ́ni. Alága á pe orúkọ náà, wọ́n á dúró díẹ̀, á sì bọ́ sórí òmíràn. Lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò pè é mọ́. Jánúárì á wọlé, á sì jáde bí oṣù yòókù. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Inú rẹ̀ sì tún dùn, ó mọ̀ pé inú òun dùn, ó sì ń fọ ẹ̀wà náà lọ.

Nígbà tó dé ẹ̀bá gọ́tà láàárọ̀ Sátidé, èrò ti pé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru jáde ní ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lórí wọn. Pásítọ̀ ìjọ tó wà ní ìkóríta ń bá lèmọ́ọ̀mù wá bàtà òjò tó máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Alága àdúgbò, Alhaji Ògúnlànà, tí ìdílé rẹ̀ ti wà ní Agége kí ilé-iṣẹ́ kankan tó débẹ̀, jókòó sórí àga oníke, wọ́n to ṣọ́bìrì sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìyá Hàmdálàt bá Tẹjú gbé kúlà oúnjẹ sọ̀. “Ìyá Jọmí, ẹ kúuṣẹ́. Ẹsẹ̀ Dádì ńkọ́?”

“Ó ń san díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣeun.”

“Ta ló wá máa dáhùn fún Oyin báyìí?”

Tẹjú ń tún ìdérí kúlà dé, kò wò ó lójú. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é ná.”

“Bí kò bá sẹ́ni, èmi á dáhùn. Èmi ni mo bá a jẹ, tí mo bá a mu. Àbí ta ló kù fún un nínú ilé yẹn? Kò bímọ. Níyì nìkan náà ni, Níyì ò sì lè rìn.”

Kò fi ibi sọ ọ́. Bí èèyàn ṣe ń sọ pé òjò lè rọ̀ ló sọ ọ́, ó sì lọ wá ráàkì tirẹ̀.

Alága dìde. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́, orí ló ti ń pe àwọn orúkọ náà. “Job Adéoṣùn.”

“A wà níbí,” ni àbúrò rẹ̀ wí, ó sì mú ṣọ́bìrì.

“Munirat Abdulazeez.”

“A wà níbí.” Bàbá Munirat ló dáhùn. Ó ti darúgbó gan-an, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá a gbé ṣọ́bìrì.

“Oyinadé Ilésanmí.”

Ẹnu Tẹjú wà ní pípadé. Ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Alága wo ibi tí Olúwaníyì máa ń dúró sí, ibẹ̀ ṣófo. Ó tún un pè, “Oyinadé Ilésanmí.” Àwọn kan ń wojú ara wọn. Tẹjú wo ilẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Díẹ̀ ló kù kí bàbá náà bọ́ sórí orúkọ mìíràn.

“Alága, ẹ jẹ́ kí èmi dáhùn,” ni Ìyá Hàmdálàt wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti di ṣọ́bìrì mú. “Kò sẹ́ni nílé wọn.”

Tẹjú gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ta ló ní kò sẹ́ni? Ta ló ń gbá ilé ọ̀hún? Ta ló ń bá ọkùnrin náà gbé Jánúárì lọ́dọọdún, nígbà tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í jẹun tán? Mélòó ni ọdún tí Ìyá Hàmdálàt fi bá Oyinadé ṣọ̀rẹ́? Òun ti ń bá a gbé inú ilé kan náà fún bí ogún ọdún, àwọn jọ ń pín ọkọ. Òun ló fi í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ tọ̀sán-tòru, òun ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Kí ará ìta kan wá bẹ̀rẹ̀ kó gbé e lọ mọ́ òun lójú.

“A wà níbí,” ni Tẹjú wí.

Ohùn rẹ̀ le ju bó ti rò lọ, gbogbo wọn sì yíjú. Ó rìn lọ síwájú, ó na ọwọ́ sí Ìyá Hàmdálàt. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi. Tilé wa ni.”

Ìyá Hàmdálàt wò ó, ó sì fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ fún un.

Alhaji Ògúnlànà wo gọ́tà náà, ó wo Tẹjú. “Ìyá Jọmílójú, o ò dáhùn níbí rí. Ẹni tó bá ń dáhùn fún ìgbà àkọ́kọ́, a máa ń jẹ́ kí àdúgbò gbọ́ ẹni tó jẹ́. Kí lo jẹ́ sí olóògbé?”

Tẹjú ò ronú kan ìyẹn. Ọmọ rẹ̀ kọ́, àbúrò rẹ̀ kọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́. Wọn ò ríra rí. Gbogbo èèyàn ń dúró dè é.

“Ìyàwó wọn ni mí,” ni ó wí.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní agbo ilé nìyẹn, nítorí ẹni tó bá ìyáálé nínú ilé, ìyàwó ìyáálé náà ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan ò tètè mọ ohun tó ń sọ. Àwọn àgbà mọ̀. Bàbá Munirat mi orí rẹ̀, Alága sì ní, “Ó dáa. Wọ inú rẹ̀ lọ.”

Tẹjú ò wọ gọ́tà náà rí, oúnjẹ nìkan ni tirẹ̀. Nígbà tí Alága pe àwọn orúkọ tó kù tán, wọ́n yá a ní bàtà òjò, pásítọ̀ dì í lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀. Ìyá Hàmdálàt tẹ̀ lé e, ó ń fi ráàkì fa koríko wá, Tẹjú sì ń fi ṣọ́bìrì kó o síta. Iwájú wọn tutù yọ̀yọ̀, ó tẹ́ rẹrẹ bíi pápá ilé-ìwé. Ìgbà tí Ìyá Hàmdálàt fa ìdì ńlá kan kúrò ni Tẹjú rí omi dúdú lábẹ́ rẹ̀. Ó ki ọwọ́ ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, kò kan ìsàlẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Jọmílójú òun tó wà ní yunifásítì kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń sáré nínú òkùnkùn, tó rí ohun tó tutù bí èyí, tó sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Àánú rẹ̀ ṣe Tẹjú, àánú tòótọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

“Oyin ò mọ̀wẹ̀ rárá,” ni Ìyá Hàmdálàt wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Tẹjú wí. Ó tún dùn ún pé ẹlòmíràn ló mọ̀ ọ́n, ó sì tún ki ṣọ́bìrì bọ koríko.

Ó ti di ọ̀sán kó tó délé. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Olúwaníyì ń wo ẹnu ọ̀nà.

“Ṣé wọ́n pè é?”

“Wọ́n pè é.”

“Ta ló dáhùn?”

“Èmi ni.”

Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, kò tilẹ̀ fi pamọ́. “O ṣeun, Tẹjú. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ọ. Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ yìí á ti san, mi ò ní dà ọ́ láàmú mọ́.”

Tẹjú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ náà. “Ẹsẹ̀ yín á san, láṣẹ Ọlọ́run. Kí ẹ wá bá wa kó koríko. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa dáhùn.”

“Báwo? Ìyàwó mi ṣáà ni.”

“Ìyáálé mi ni. Ẹ ti ń dáhùn ọjọ́ ti pẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.”

Olúwaníyì wò ó títí. Ó mọ ojú owú lára ìyàwó rẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń rí i tí kò sọ. Ojú owú náà lèyí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni Tẹjú ń jowú lọ́tẹ̀ yìí.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Máa dáhùn.”