Òkun Tó Sùn Nínú Fótò

"Ẹ má mì o! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mì!"

Gàfárù onífótò ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ìparí afárá pákó, orí lábẹ́ aṣọ dúdú, ìdí lófuurufú, bí ewúrẹ́ tó ki orí bọ ìkòkò. Afẹ́fẹ́ òkun gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó lọ́ ọ, ó sì gbé e dé etí bàbá Olówòkéré bí "Ẹ má mí." Bàbá kì í fi àṣẹ ṣeré. Ó di èémí mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ yọ síta bíi ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lókè omi. Kí ẹnikẹ́ni tó fura, gbìì! Bàbá ti ré bọ́ láti orí pákó sínú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ àrán tó wọ̀.

"Ta ló fẹ́ pa mí?" ló bèèrè nígbà tí wọ́n fà á jáde.

"Bàbá, mo ní kí ẹ má mì ni. N ò ní kí ẹ má mí!"

"Kò burú. Ọjọ́ tí mo bá kú, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún àwọn ìyàwó mi pé fótò ló pa mí."

Gbogbo Mọlútẹ̀hìn bú sẹ́rìn-ín. Gàfárù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn ni ariwo pé Kúìn ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà gba gbogbo ìlú kan, ṣùgbọ́n ní Mọlútẹ̀hìn, òkun ló ti kọ́kọ́ dé. Ó ti gbé mọ́ṣáláṣí mì. Ó ti hú àwọn igi àgbọn etí omi bí ẹni fa irun abíyá tu. Ní báyìí, ẹ̀yìn ilé Mùínátù, ìyá Gàfárù, ló ń lá. Ilẹ̀ gbígbẹ wà lódìkejì odò, àmọ́ igbó ọba ni, tí ìjọba fi òfin dè. Ẹni tó bá ṣẹ́ igi kan níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, ní tí òkun bá ń jẹ wọ́n lóòótọ́, kí wọ́n fi hàn òun, òun yóò fún wọn ní ilẹ̀. Gàfárù gbé fótò dúdú-àti-funfun lọ. Ajẹ́lẹ̀ yí i sókè, ó yí i sódò: èwo ni omi, èwo ni iyanrìn? Eérú ni gbogbo rẹ̀ lójú òun.

Ìdí nìyẹn tí òyìnbó onígẹdú kan fi ṣàánú, tó fún Gàfárù ní fíìmù aláwọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Kámẹ́rà Gàfárù ti dàgbà, ọrùn rẹ̀ ń nà jáde bíi ti ahun, fíìmù aláwọ̀ náà sì jẹ́ ọ̀lẹ, ìmọ́lẹ̀ kì í tètè yó o. Bí ẹni tó ń yà á bá fẹ́ kí igi iwájú àti ilé ẹ̀yìn mọ́ roro papọ̀, ó ní láti fún ihò ojú kámẹ́rà pọ̀ títí yóò fi dà bí ojú abẹ́rẹ́, kó sì jẹ́ kí ojú náà là pẹ́. Tí nǹkan kan bá mì ní gbogbo ìgbà yẹn, àwòrán bàjẹ́ nìyẹn. Orí pákó ló sì gbé kámẹ́rà kalẹ̀, torí ẹrẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì. Bí ẹnì kan bá họ ìdí ní ìkángun kan lára afárá, kámẹ́rà á jó ní ìkángun kejì.

Ó yọjú lábẹ́ aṣọ. "Ìyé, mo ṣebí mo ní kí gbogbo yín jáde bí ẹ ṣe wà nílé?"

Mùínátù tún gèlè ofeefee orí rẹ̀ tò. Ìyùn ń dán lọ́rùn rẹ̀. "Kí òyìnbó wá rí mi pẹ̀lú ìró tí mo fi ń yan ẹja? Ẹni tó ń tọrọ ilẹ̀ kì í wọ àkísà lọ. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, kò ní í lò ó."

Ó yẹ kí Gàfárù lé wọn padà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún wo inú kámẹ́rà: àrán pupa, gèlè ofeefee, ewé àgbọn tútù yọ̀yọ̀. Itọ́ yọ sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ tó ti ń ya fótò, eérú ló ń yà!

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Ó ṣí ojú kámẹ́rà. Òkun ń bú ramúramù, ó ń la orí mọ́ òpó ilé ìyá rẹ̀, ìfóòfó ń fò sókè. Àwọn ènìyàn dúró gbagidi bí òpó, bàbá Olówòkéré sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹrẹ̀ létí. Gàfárù pa á dé. Òyìnbó onígẹdú bá wọn fi fíìmù ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń fọ irú rẹ̀.

Òjò ṣáájú fíìmù dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òkun wó ilé bàbá Olówòkéré. Bàbá ti jáde, kò sì fara pa, ni ó bá rántí àwọ̀n rẹ̀. Ó padà wọlé. Ìtòsí Ẹ̀tìkàn, ìlú etíkun mìíràn, ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀.

Nígbà tí fótò dé, ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ ni Gàfárù ti kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó mọ́! Ènìyàn lè ka orí ìṣó lára ògiri pákó. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó bímọ. Ẹ̀yìn náà ló wo òkun.

Òkun ti sùn. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní funfun tí wọ́n tẹ́ fún àlejò. Ojú kámẹ́rà ti là pẹ́ jù: ìgbì tó bá dé ń pa èyí tó ṣáájú rẹ́, ohun tó kù kò ju èéfín lọ.

"Ajẹ́lẹ̀ ní òun kò tíì rí fótò tó dára tó báyìí rí," Adégbóyè ògbufọ̀ túmọ̀. "Ó ní ọdún wo lẹ ń ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé òkun ń jẹ wá."

"Ó ní òkun wo? Èyí tó ń sùn yìí?"

"Kì í sùn! Kámẹ́rà ló pa á lẹ́nu mọ́!"

Adégbóyè họ orí. "Gàfárù, báwo ni mo ṣe máa túmọ̀ ìyẹn? Kí n ní ẹ̀rí tí o gbé wá ń parọ́ mọ́ ọ?"

Ajẹ́lẹ̀ fi ìka kan ojú ẹnì kan nínú fótò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ní ti bàbá yìí ńkọ́? Ó ní ayé dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn gan-an."

"Òkun yẹn ló pa á."

Adégbóyè túmọ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ajẹ́lẹ̀ ṣí fìlà. Ó wo fótò, ó wo Gàfárù, ó tún wo fótò pẹ́. Ọkàn Gàfárù dìde: ó ti yé e! Ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè," Adégbóyè wí, kò sì wo ojú Gàfárù. "Ó ní ewu òkun kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àmọ́ igbó ọba, igbó ọba ni. Ó sì ní... ó ní ṣé o lè bá òun wá òmíràn irú rẹ̀, ìyàwó òun á fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀."

Mùínátù ń yí ẹja lórí iná nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé. Omi ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ pákó tí wọ́n dúró lé. Ó nu ọwọ́, ó gba fótò, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Ó dára," ó ní. "Ó dára jù. Èmi fúnra mi ìbá kó lọ gbé ibẹ̀."

"Ìyé, ẹ̀bi mi ni."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè ẹ̀bi? Tí a bá kọ́lé sínú igbó ọba, kí ni wọ́n á ṣe fún wa?"

"Ọlọ́pàá á mú wa. Wọ́n á jù wá sẹ́wọ̀n l'Ókìtìpupa."

"Òkìtìpupa." Ìyá rò ó wò. "Ṣé òkun ń dé Òkìtìpupa?"

"Òkun kẹ̀? Rárá, Ìyé. Ó jìnnà síbẹ̀."

Mùínátù gbé ẹja kúrò lórí iná. Ó da omi sí iná náà títí ó fi kú pátápátá, ó wá mú òòlù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Ti òkè ni kó o kọ́kọ́ tú, kí pákó má bàa ya. A ó tún un kàn lódìkejì odò."

Gàfárù gba òòlù. Ìṣó àkọ́kọ́ ti dípẹtà, ó sì ké kó tó jáde.