Ọkọ̀ Mẹ́ta àti Etíkun Tí Wọ́n Fi Àtàǹpàkò Bò

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọmọ mi obìnrin, Morádékẹ́, kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn tí ń ta àyè nínú ọkọ̀ ojú omi wọ yàrá àlejò mi, omi òkun sì bá wọn wọlé. Omi náà kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo sì ní kí wọ́n jókòó.

N kò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí. Ní ìdílé wa, bí ọmọ bá kú ṣáájú òbí, bàbá àti ìyá rẹ̀ kì í tẹ̀lé òkú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ojú oórì rẹ̀ hàn wọ́n. Èèwọ̀ ni. Àwọn ọmọ àbúrò mi ló gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n fọ ọkọ́, wọ́n sì da omi náà nù kíákíá kí n má baà rí àwọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wọlé wá kí mi.

Bàtà àwọn tí ń ta ọkọ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gbẹ, bẹ́ẹ̀ inú omi ni wọ́n dúró sí. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dé fìlà atukọ̀ funfun. Ó ní ilé-iṣẹ́ Ọba-Òkun ló rán òun.

“Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Morádékẹ́ ló ránṣẹ́ pè wá. Ó ní ẹ fẹ́ rìnrìn-àjò afẹ́ lórí omi, kí ẹ máa wo etíkun.”

“Ìgbà wo ló ránṣẹ́ sí yín?”

“Lánàá, sà.”

“Àná ni wọ́n sin ín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn náà ni.”

Òótọ́ ni pé Morádékẹ́ ti ṣèlérí. Ó ní tí mo bá pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin, òun yóò fi mí sínú ọkọ̀ kí n lọ rí ayé. Ó ra ìwé àjákọ kan, ó fa ìlà sí i, ó sì kọ àkọlé sókè: orúkọ ọkọ̀, bó ṣe tóbi tó, iye èrò, ohun tí ojú lè rí. Àìsàn kò jẹ́ kó kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ mú ìwé náà wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí, n kì í gba ohunkóhun gbọ́ títí yóò fi wà lábẹ́ àkọlé tirẹ̀.

“Àjà mẹ́tàdínlógún ni ọkọ̀ wa ní,” ni obìnrin náà wí. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń gbà. Ó ní pápá bọ́ọ̀lù, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní mọ́ṣáláṣí, ó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́jọ.”

“Báwo ló ṣe ń sún mọ́ etíkun tó?”

“Ọkọ̀ ńlá kì í sún mọ́ etíkun, sà. Ilẹ̀ á gbé e. Ṣùgbọ́n láti òkè lọ́hùn-ún, ẹ óò rí gbogbo rẹ̀.”

“Báwo ni yóò ṣe tóbi tó lójú mi?”

“Yóò tó òwú, sà.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: òwú. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí eékún mi. Gbogbo ìlú tó wà létí omi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ bo ibì kan. Mo ní kó gbé e kúrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò náà sì dúró síbẹ̀ lórí ìwé. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbín. Obìnrin náà fi ìka mẹ́rin tó kù ṣí ojú ewé tó tẹ̀lé e, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Mo fi rúlà wọn ibi tí àtàǹpàkò náà bò.

“Ínṣì kan ààbọ̀,” ni rúlà náà wí. “Má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọkùnrin tínínrín kan láti ilé-iṣẹ́ Ìtura ló sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Ó ní tàwọn kò tóbi jù, kò sì kéré jù. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin èèyàn ló ń gbà. Ó ń wọ èbúté kéékèèké, ẹnì kan sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣàlàyé gbogbo ohun tí èrò bá ń rí.

“Ó ń sún mọ́ ilẹ̀ débi pé ẹ óò máa gbọ́ bí àkùkọ ṣe ń kọ,” ni ó wí.

Mo kọ èyí náà sílẹ̀. Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn sí i.

“Àfi ibì kan,” ni ó wí. “Bí a bá dé ibẹ̀, agogo á lù, gbogbo èrò á sì sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun. Ìsàlẹ̀ omi ni yàrá ìjẹun wà. Kò ní fèrèsé.”

“Tí ebi kò bá pa mí ńkọ́?”

“Kò sẹ́ni tí ebi kì í pa níbẹ̀, sà.”

Mo ti awò ojú mi sókè, mo gba àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀ wò. Ibì kan náà ni wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé kúrò, wọ́n sì fi ilẹ̀ oníyìnyín kan lẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé mi. Mo wo ojú wọn. Wọ́n wojú omi.

Ìyàwó mi wà nínú yàrá. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ó ti ká ara rẹ̀ bí ìró, ó sì wọ inú àpótí aṣọ lọ. Ó sọ̀rọ̀ láti inú àpótí náà.

“Wọ ọkọ̀ ńlá, Bàbá Morádékẹ́. Jẹ́ kó jìnnà.”

Ẹ̀gbọ́n mi Látúndé ti ilé ìdáná jáde, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ti kú láti ọdún mẹ́rìnlá. Agbádá tí a fi sin ín ló wọ̀, wọ́n ti bá a dín in kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òun ni olórí ẹbí wa nígbà ayé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú omi.

“Dìde, Oyèníran. O ò tíì wọkọ̀? Láti kékeré lo ti máa ń yẹ ẹja wò títí a fi máa jẹ gbogbo rẹ̀ tán.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló rán yín?”

“Àwọn ará ilé.”

“Ará ilé wo?”

“Àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n wá fi ọ́ sínú ọkọ̀ ńlá.”

Mo bi í bóyá ó ti rí ọmọ mi. Ó ní àdúgbò kan náà làwọn ń gbé, ó sì ti kí òun láàárọ̀.

“Kí ló wí?”

“Ó ní ‘Ẹ káàárọ̀, Bàbá Àgbà.’ Kí ló tún yẹ kó wí?”

“Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí. Mo kàn fẹ́ kí i ni. Tí mo bá ti kí i, mo ti ṣe tán.”

Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ títí ó fi tán lẹ́nu rẹ̀. “Nígbà tí Ìgè ọmọ mi kú,” ni ó wí, “ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi?”

“Èmi ni.”

“Ta ló fọ ọkọ́?”

“Èmi náà ni.”

“Ṣé mo rí ibẹ̀ kí n tó kú?”

“Ẹ ò rí i.”

“Ṣé o rí i báyìí.”

Mo bi í bóyá ó ti wá mọ ibẹ̀ nísinsìnyí. Ó ń gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára agbádá.

Ọkùnrin kẹta kò wọlé. Ó fara ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó náà. Ọkọ̀ kékeré ni, ìjókòó méjìlá, òrùlé rẹ̀ kò ju ọ̀rá tí wọ́n na bò ó lọ. Wọn kò kọ orúkọ sí i lára.

“Ẹ̀yin ńkọ́?” ni mo wí. “Kí ló dára nínú tiyín?”

“Kò sí. Ó ń jò. Ẹ lọ wọ ti àwọn yẹn.”

Mo fura sí òun ju àwọn méjì yòókù lọ. N kò tíì rí ẹni tó gbé ọjà wá tó ń bú u. Mo jáde lọ yẹ ọkọ̀ náà wò. Atukọ̀ náà kò fọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú ti gbẹ mọ́ ọn lára, ìkarahun wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa.

“Ta ni ẹ gbé kẹ́yìn?”

“Èrò méje. Mẹ́fà ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ìkeje kò sọ nǹkan kan.”

Mo pa ìwé àjákọ dé. Mo wọ ọkọ̀ náà.

“Bàbá!” ni obìnrin oníka mẹ́rin náà pariwo láti inú ilé. “Kò ní ilé ìyàgbẹ́ o! Korobá lẹ óò máa lò!”

“Mo ti lo korobá rí,” ni mo wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ká agbádá, ó tẹ̀ lé mi. “Ta ni yóò bò ọ́ lójú, bí n kò bá bá ọ lọ?” ni ó wí.

Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣí ni. Ti ilé-iṣẹ́ Ọba-Òkun pẹ́ díẹ̀, nítorí ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá àlejò mi. Nígbà tó jáde tán, ó fa ògiri kan lọ pẹ̀lú aago tó wà lára rẹ̀. Etíkun náà lẹ́wà. Àwọn òkè dúró sínú omi bí màlúù tó ń mumi. Àwọn obìnrin sá aṣọ sórí ìgbì, aṣọ náà sì ń gbẹ. Abúlé kan kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń lọ síbi tí a ti ń bọ̀, àwọn ará rẹ̀ sì kí wa kú ọ̀nà. A dá wọn lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi bi atukọ̀ bóyá ẹja wà níbẹ̀. Atukọ̀ ní wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ orúkọ wọn fún òun.

Agogo lù nínú ọkọ̀ Ìtura. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin èèyàn sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun, ọkọ̀ náà sì ń lọ lófìfo. Ẹni tí ń fi gbohùngbohùn ṣàlàyé ń ṣàlàyé irun ìyá rẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán, nínú ọkọ̀ ńlá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọkọ̀ náà sì dẹ̀gbẹ́. Wọ́n kẹ̀yìn sí ilẹ̀. Wọ́n ń wo agbami tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ya á ní fọ́tò.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé a ti dé.

Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò mí lójú. Ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo. Mo ń ríran gba inú rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú àwọ̀n ẹ̀fọn.

“Ó ṣókùnkùn?”

“Ó ṣókùnkùn,” ni mo wí. N kò purọ́ fún un rí láyé rẹ̀.

Atukọ̀ pa ẹ̀rọ. Omi kò ju eékún lọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì rí ohun tí wọ́n ṣe. Láti etí omi títí dé ibi tí ojú mi mọ, wọ́n ti kọ gbogbo etíkun náà ní ebè, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ gbin iṣu. Ebè náà kò ga ju ara wọn lọ, gígùn wọn dọ́gba. Àwọn ọmọ àbúrò mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, òógùn bò wọ́n. Bándélé, tó jẹ́ àgbà wọn, sáré wá dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá. Iṣu la fẹ́ gbìn.”

“Lórí iyanrìn?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Èwo ni tirẹ̀?”

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nawọ́. Olúkúlùkù nawọ́ sí ebè ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tún nawọ́ sí òmíràn. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé wọn kò fi mí ṣẹ̀sín. Ojú Bándélé pọ́n.

“Láti àná tí a ti padà síbí la ti ń kọ ọ́, Bàbá. A ò jẹun.”

“Ẹ kú iṣẹ́,” ni mo wí. “Ó dọ́gba dáadáa. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n wọ ọkọ̀. Atukọ̀ pè mí, n kò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó tún sọ̀kalẹ̀, ó wá bá mi létí omi, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́.

“Bí o bá rí tìrẹ,” ni ó wí, “bá mi wo Ìgè mọ́ ọn.”

Mo rìn láàárín àwọn ebè náà. Mo fura sí gbogbo wọn. Èyí tí ó ní koríko lórí, mo rò pé ẹ̀tàn ni. Èyí tí kò ní, mo rò pé òun náà, ẹ̀tàn ni. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀kan, ó tutù. Mo kan èkejì, ó tutù bákan náà. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ń rú eruku, eruku náà wọ imú mi, mo sì sín.

“Pẹ̀lẹ́, Bàbá,” ni ọmọ mi wí.

Mo yí padà. Mo tún yí padà. Mo gbìyànjú kí n tún sín, kò wá mọ́.

Ọkọ̀ ti lọ. Ohun tó fi sílẹ̀ létí omi nìyí:

Okùn kan, tí wọ́n já.

Kẹ́ẹ̀gì omi mímu kan, ó kù díẹ̀ kó kún.

Awò ojú mi, ojú ọ̀tún ti là.

Ebè ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ipa ẹsẹ̀ ọkùnrin kan, ó yí gbogbo wọn ká.

Pẹ̀lẹ́ kan, tí n kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí dá a lóhùn.