Omi Ilé Chimène

Ní àdúgbò tí Àríyìkẹ́ ń gbé ní Bantè, wọn kì í da omi ìdáná nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, omi tí a fi fọ ẹ̀wà, omi tí a fi bọ iṣu láìfi iyọ̀ sí i: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú korobá fún ẹni tí ó bá ní ọgbà. Ẹni tí kò ní ọgbà a gbé korobá náà lọ sí ilé aládùúgbò rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: omi ọṣẹ àti omi iyọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó sì gbà á kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Bí obìnrin bá ti ìka bọ omi tí ẹnìkejì rẹ̀ gbé wá, tí ó tọ́ ọ wò, ó ti pè é ní ọ̀tá.

Ọgbà Àríyìkẹ́ wà lẹ́yìn ilé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí Nathanaël ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí Kútọnu, ọgbà náà ni ó fi ń jẹun. Ó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀fọ́ gbọ̀mà, ó sì ń tà wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ ń wọ́n. Pọ́ǹpù jìnnà sí ilé rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Chimène, tí ògiri wọn kan ara, ni ó ń gbé omi wá fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Nígbà tí Àríyìkẹ́ ṣàìsàn, Chimène ni ó ń wẹ̀ ẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí, wọ́n gbèrò iṣẹ́ kan. Tìjání, ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Savalou, ń wá ẹni tí yóò máa bá òun yan kajú. Àríyìkẹ́ mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ó kọ́ Chimène bí a ṣe ń rẹ kajú tí a ti pa sínú omi iyọ̀, bí a ṣe ń sá a, bí a ṣe ń fi yanrìn gbígbóná yan án kí ó má baà jó. Lẹ́yìn èyí ni Chimène lọ sí Savalou láti bá Tìjání sọ̀rọ̀ ní orúkọ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó padà dé, ó jókòó kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ó ti rí ẹlòmíràn. Ará Djaloukou kan."

"Ará Djaloukou mọ kajú yan?"

"Ìyá Nathanaël, ṣé èmi ni n óò bi í?"

Àríyìkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí ó jó kajú rẹ̀. Yóò wá wa wá."

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí etí ewé gbọ̀mà fi bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Kì í ṣe bí ewé tí òùngbẹ ń gbẹ. Láti etí ni ó ń jó bọ̀ wá sí àárín. Àríyìkẹ́ rò pé ìgbẹ́ adìẹ tí òun dà sórí ebè ni, nítorí ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà a máa jó gbòǹgbò. Ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ewé kò yéé jó. Ó rò pé omi kò tó. Ó bẹ Chimène pé kí ó jọ̀wọ́ fi kún un, Chimène sì fi kún un. Bí omi ti ń pọ̀ sí i ni ẹ̀fọ́ ń kú sí i.

"Níbo lẹ ti ra irúgbìn yìí?" ni Chimène béèrè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti ń da omi náà sórí ebè.

"Ọjà Savalou."

"Ẹ ò rí i báyìí? Máhì, èdè wọn níbẹ̀, nìkan ni ó gbọ́. Ẹ máa bá a sọ Máhì."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Àríyìkẹ́ ya ebè kan sọ́tọ̀. Omi pọ́ǹpù nìkan ni ó ń bù sí i, omi tí ó ń fi korobá kékeré rù fúnra rẹ̀. Ebè yẹn yọ ewé tuntun. Àwọn yòókù kò yọ nǹkan kan. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ojú ilẹ̀ bá ti gbẹ, nǹkan funfun a wà lórí wọn bí ìyẹ̀fun. Kò tọ́ ọ wò. Ó lọ sí ìjọ, ó jókòó ti Chimène bí ó ti máa ń ṣe, ó sì padà sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ọgbà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Nathanaël."

"Omi kí ni?"

"Omi ẹ̀wà."

"Ẹ̀wà ni o sè lánàá."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n se ẹran ni? Ẹ lọ rà á wá."

Àríyìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ìka bọ inú korobá, ó fi í sẹ́nu.

Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ìbá bínú. Chimène kò bínú. Ó dúró, ó ń wò ó.

Iyọ̀ ni, iyọ̀ púpọ̀. Nǹkan mìíràn wà lábẹ́ iyọ̀ náà, ọ̀rá díẹ̀, tí Àríyìkẹ́ mọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Kajú," ni ó wí.

Chimène wo ilẹ̀.

"Kò sí ará Djaloukou kankan," ni Àríyìkẹ́ wí.

"Tìjání ní ẹnì kan ṣoṣo ni òun fẹ́."

"O sì sọ fún un pé ìwọ ni."

"Ẹ̀yin ní ọgbà. Èmi kò ní nǹkan kan. Ẹ̀yìn sì ń dùn yín."

"Kí ló dé tí o kò da omi rẹ̀ sí àgbàlá rẹ?"

"Ilẹ̀ yóò funfun. Ẹ óò rí i."

"Ojú ọ̀nà ńkọ́?"

"Ta ni ó ń da omi nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Wọn óò bi mí pé omi kí ni. Mo ń bomi là á. Mo rò pé kò ní ṣe ẹ̀fọ́ yín ní nǹkan kan."

"Nígbà tí ewé ń jó ńkọ́? O wà níbí. O ní kí n máa bá a sọ Máhì."

Chimène gbé korobá náà, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àríyìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ́ ha ojú ilẹ̀ oníyọ̀ náà kúrò. Ó mọ̀ pé híha nìkan kò tó. Omi tútù púpọ̀ ni ó lè fọ iyọ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́, kò sì ní ẹni tí yóò pọn ọ́n. Bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni Chimène wọlé pẹ̀lú korobá tí ó kún lórí rẹ̀. Eruku ọ̀nà pọ́ǹpù ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Omi pọ́ǹpù ni. N óò máa pọn ọ́n títí yóò fi tó."

"Gbé e lọ sílé rẹ."

"Ẹ̀yìn yín kò gbà á, Ìyá Nathanaël. Gbogbo rẹ̀ ni yóò kú."

"Ẹ̀yìn mi ni."

Chimène kò sọ omi náà kalẹ̀, kò sì lọ. Àríyìkẹ́ fi ọkọ́ ti ògiri. Ó mú korobá kékeré rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó forí lé pọ́ǹpù. Ebè kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká. Ìyókù di ìgbà òjò.