Ta Ni Kí N Fi Bàbá Mi Sílẹ̀ Fún?

Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé. Mo gbádùn rẹ̀, mo yege, mo sì délé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí kò sẹ́ni tó ń wá irú rẹ̀. Níbi tí mo ti ń wáṣẹ́ kiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ran akáúńtáǹtì kan lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì wọn lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé díńgí. Ẹ Tún Un Kà ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá náà lẹ́yìn, torí kò sí iṣẹ́ téèyàn lè gbé fún wọn tí wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń sá fún ìṣirò láti kékeré, ṣe ni mo ń yára jí láàárọ̀ kí n lè débẹ̀. Iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára.

Ọ̀gá ní ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tí kò ka ìṣirò owó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"O lè lọ sí yunifásítì, kí o kà á fún ọdún méjì. Olùkọ́ á wà, ẹgbẹ́ á wà, o ò sì ní nílò láti ṣe púpọ̀ mọ́ nínú ìdánwò àwọn akáúńtáǹtì. Tàbí kí o dúró kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kí o máa dá kàwé nílé nírọ̀lẹ́, kí o máa ṣe ìdánwò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn máa ń pẹ́. Èèyàn á sì dá wà gan-an."

"Á tó ọdún mélòó, sà?"

"Ó kù sọ́wọ́ bí o bá ṣe ń féèlì tó." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Yunifásítì ni mo fẹ́. Kí n má parọ́, kì í ṣe torí ìwé nìkan. Èèyàn ni mò ń wá. Mo fẹ́ kíláàsì tó kún, kí ẹnì kan máa fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n sún, kí a jọ máa bú olùkọ́ lẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fọ́n ká láti ọjọ́ tí a ti jáde, ilé wa sì pa rọ́rọ́.

Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn. Ó ku èmi àti bàbá mi. Rédíò ni bàbá mi ń tún ṣe ní yàrá iwájú, ohùn àwọn tí a ò mọ̀ rí ló sì ń kún ilé wa láti àárọ̀: ẹni tó ń ka ìròyìn, ẹni tó ń polówó ọṣẹ. Bí rédíò kan bá ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n á pa á, wọ́n á gbé òmíràn. Ìyá mi ló máa ń sọ̀rọ̀ nílé wa tẹ́lẹ̀, àwa méjèèjì á máa gbọ́. Ní báyìí, "Ẹ káàárọ̀, sà" àti "Ṣé o ti jẹun?" ni gbogbo ohun tó ń kọjá láàárín wa. Tí mi ò bá sí nílé, orí ìdúró ni bàbá mi ti máa ń jẹun, láti inú ìkòkò. Mo ká wọn mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, wọ́n sáré dé ìkòkò náà bí ọmọdé tó jí ẹran. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dùn mí.

Yunifásítì gbà mí. Wọ́n ní kí n fèsì kí oṣù tó parí. Mo fi ìwé náà sórí tábìlì. Bàbá mi kà á, wọ́n ní, "Ó dáa, Akọ̀wé," orúkọ tí wọ́n ti ń pè mí láti kékeré, wọ́n sì padà sídìí rédíò. Mo dúró kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí wọ́n ní kí n lọ, tàbí kí wọ́n ní kí n má lọ. Wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò bi wọ́n, torí nílé wa, a kì í bi ara wa ní ohun tó lè dun ẹnì kejì.

Mo rò ó títí. Ibẹ̀ jìnnà. Ta ni kí n fi bàbá mi sílẹ̀ fún? Mo kọ̀wé sí yunifásítì pé kí wọ́n má bínú, mi ò ní lè wá. Mo sọ fún ọ̀gá pé màá dúró kọ́ṣẹ́. Lórí àtẹ̀gùn, omi bọ́ lójú mi, mo nù ún. Mo ní ó di ọjọ́ Àìkú tí bàbá mi kì í ṣiṣẹ́ kí n tó sọ fún wọn. Mo ti ń fojú inú rí bí ojú wọn yóò ṣe rí.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Akọ̀wé, jókòó. Mò ń kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ti sọ fún onílé pé a máa jáde níparí oṣù. Mo ti ta irinṣẹ́ mi."

"Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ kì í pàdé kí ẹ má jà?"

"A ó máa jà, ara á máa yá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ látìgbà tí ìyá mi ti kú. "Ìwé ẹ wà lórí tábìlì, o ò fèsì. Mo mọ ohun tó dì ẹ́ mú. Èmi ni. Lọ kàwé ẹ, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe yunifásítì. Wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Mo gbéra láti lọ sọ fún bàbá mi, mo bá wọn níta pẹ̀lú aládùúgbò wa. "Ọmọ mi ń lọ kàwé akáúńtáǹtì!" ni wọ́n ń wí, wọ́n ń fọwọ́ júwe bí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn ò dé rí ṣe ga tó. Bí mo bá sọ pé àyè náà ti lọ, wọ́n á máa dá ara wọn lẹ́bi títí ayé. Mo bá wọn di ẹrù.

Ọ̀gá nìkan ni mo sọ fún. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Àṣìṣe kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ọ̀lẹ kì í ṣe. Akọ̀wé kan á rí i pé iye kan dín, á fi kún un. Èkejì náà á rí i, òun náà á fi kún un. Wọn ò ní sọ fún ara wọn. Nígbà tí a bá rò ó pọ̀, ohun tó dín ti wá lé."

"Báwo la ṣe ń tún un ṣe, sà?"

"Ẹnì kan á sọ̀rọ̀."

Mi ò sọ ọ́ fún bàbá mi. Mo gba yàrá kan nítòsí ọ́fíìsì: ibùsùn, tábìlì, àga kan. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń ka ìwé sókè kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Bí nǹkan ò bá yé mi, màá gbójú sókè, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ ṣàlàyé. Mo dá wà, kò sí bí mo ṣe lè fi bò.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi máa ń pè. Wọ́n á ní àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ò jẹ́ kí àwọn sinmi, pé ariwo wọn pọ̀ jù. Mo máa ń tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ kankan rí.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé ta ló ń jókòó tì mí ní kíláàsì, mo ní obìnrin kan ni, Aláriwo la ń pè é. Láti ìgbà náà, Aláriwo ti jẹ bisikíìtì mi tán, ó ti féèlì, ó ti wúkọ́. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ní, "Ikọ́ Aláriwo ńkọ́?"

"Ikọ́ náà ti lọ, sà."

"Ṣé ó wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Ó wà níbí, sà."

"Gbé fóònù fún un, kí n kí i."

Mo na fóònù sí ibùsùn. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi láti ọ̀ọ́kán: "Ọmọ mi, o ṣé o. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó máa dá wà."

Mo gbé fóònù padà sétí. "Ojú ń tì í, sà."

"Aláriwo? Ojú ń tì í?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Àwọn ọmọ ibí náà," ni wọ́n wí, "ojú ń tì wọ́n."

Kò sẹ́ni tó gbé fóònù sílẹ̀ nínú wa.