Omi Mojúkúrò

"Màmá, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Mojúkúrò ti jáde," ni dókítà ẹranko wí lórí fóònù.

Aránṣọ tó ń bá sọ̀rọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ki àwọn àkísà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú páálí kó má baà mì lójú ọ̀nà. Ó gbójú sókè wo igun tí ike omi ajá máa ń wà. Àmì róbótó nìkan ló kù nílẹ̀ níbẹ̀.

"Dókítà, mo ti fa ajá lé ọlọ́dẹ ilé ìlagi lọ́wọ́ lánàá."

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, irú èyí tó máa ń kí ajá kó tó kí ẹni tó mú un wá.

"Kíndìnrín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a kì í mọ̀ títí ajá yóò fi dùbúlẹ̀ tí kò ní lè dìde mọ́. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé wá fún wa yìí ló jẹ́ ká tètè rí i. Tó bá ń jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀, tó sì ń lo oògùn, ó ṣì máa pẹ́ láyé dáadáa. Àmọ́ omi, Màmá. Omi ò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn rárá. Ṣé ẹ ò rí i pé ó ń mu omi gan-an ni?"

Ó rí i.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ti kú ló ti ń rí i. Ní ìdájí, òùngbẹ á jí i, á wọ ilé ìdáná lọ, á sì bá Mojúkúrò tó ti ki ẹnu bọ ike omi. Á bu omi sí ife tirẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa mu ún nínú òkùnkùn. Kò bá a sọ̀rọ̀ rí nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ọ̀fọ̀ ló ń gbẹ àwọn lọ́fun. Ohun tó ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe. Bí àwọn àlejò ti padà sílé wọn tán, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin náà padà sí ìlú tó ń gbé, ajá yìí nìkan ló tún mọ ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ayé.

Ọkọ rẹ̀ ló sọ ajá náà ní Mojúkúrò, nítorí bó bá jí ẹran tán, ńṣe ló máa ń kọjú sí ògiri bí àlejò tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú ilé. Òun náà ló ń mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún, kì í jẹ́ kó yẹ̀. Torí náà, nígbà tí ọmọ wọn ní kí ìyá òun wá máa bá òun gbé, tí onílé ọmọ náà sì ní òun ò gba ajá, aránṣọ kọ́kọ́ mú Mojúkúrò lọ gba abẹ́rẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ kó tó rán an lọ sílé ìbátan. Dókítà ní ajá tó ti dàgbà, a kì í dúró kó ṣàìsàn ká tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Aránṣọ pe ọlọ́dẹ. Kò gbé e. Ó wọ bàtà, ó sì fi páálí sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Lójú ọ̀nà, kì í ṣe àìsàn náà nìkan ló ń dùn ún. Bó bá jẹ́ pé kíndìnrín ló ń gbé ajá dìde ní ìdájí, a jẹ́ pé òun nìkan ló ti ń ṣọ̀fọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ojú-ò-róorun ni àwọn alágbàṣe ilé ìlagi ń pe ọlọ́dẹ náà, nítorí kò sí ìgbà tí wọn kì í bá a lójú oorun. Lọ́sàn-án yìí, ó lajú.

"Ìyàwó Káfíńtà, ẹ kú àfẹ́kù ajá. A kì í dá ọjà padà níbí o."

"Bàbá, omi rẹ̀ dà?"

"Mo ti gbé e kúrò. Ó ń mu ún bí ẹni tí wọ́n fi gégùn-ún, ó sì ń tọ̀ sórí pákó oníbàárà. Mo ní kó sinmi díẹ̀."

Ike náà wà lórí òkìtì pákó, níbi tí ajá kankan ò lè dé. Aránṣọ nàgà, ó gbé e, ó sì pọn omi kún un lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Mojúkúrò dùbúlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun igi, ó ti imú bọ àárín pákó méjì. Ó gbọ́ ìró omi kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ajá tí yóò máa gbó ni mo tọrọ," ni ọlọ́dẹ wí. "Èyí ń kẹ́dùn ni."

"Kíndìnrín ló ń dà á láàmú."

"Èwo ni ti kíndìnrín? Bí wọ́n bá ti tan ayùn báyìí, ńṣe ló máa ń nàró, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Ta ló ń retí?"

Ajá ń lá omi, kò gbójú sókè. Aránṣọ náà ṣí ẹ̀rọ omi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba omi, ó sì mu ún. Òùngbẹ tirẹ̀ ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ dókítà lè yẹ̀ wò. Wọ́n jọ mu omi náà pẹ́.

Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Màmá, mo ti ta kọ́tíìnì sí yàrá yín. Mo máa tètè gbé mọ́tò dé lọ́la. Ṣé ẹ ti di ẹrù tán?"

"Mi ò ní wá bá ẹ gbé, ọmọ mi."

"Ẹ̀n? Kí ló dé?"

"Mojúkúrò ń ṣàìsàn."

"Nítorí ajá, Màmá?"

Ajá gbé orí kúrò nínú ike, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Nítorí ajá ni. Èmi ni n óò máa bu omi fún un."