Ẹni Tó Fọwọ́ Sí Káàdì

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ṣé ẹ fẹ́ kí n jẹ̀bi láyé lọ́run ni?"

Rosaline di apá Ìyá Àdúrà mú, ó ń fà á sókè, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti fi orúnkún méjèèjì tẹ kápẹ́ẹ̀tì, kò sì múra àtidìde. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Christiana ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ìjọ. Òun ló gbàdúrà lé oyún Raymond lórí, òun náà ló sì di Rosaline mú lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú sí ọsibítù. Òun ló wá kúnlẹ̀ yìí nínú pálọ̀ ẹni tó tó ọmọ bí fún un, ní Thamesmead Moorings ní London, lọ́sàn-án Sátidé tí oòrùn mú, tí àwọn aládùúgbò ń fọ mọ́tò wọn níta.

"Mi ò ní dìde, Màmá Raymond. Àfi tó o bá ṣèlérí fún mi."

Ká má tan ara wa jẹ. Bí àgbàlagbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé nílẹ̀ wa, ẹ̀bẹ̀ ti parí níbẹ̀, ipá ló kù. Ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún ti jẹ̀bi kó tó lanu. Ìyá Àdúrà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ní fóònù nílé, ṣùgbọ́n kò fi fóònù bẹ̀bẹ̀.

Ohun tó wá tọrọ kò le láti sọ. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, Raymond, ọmọ kan ṣoṣo tí Rosaline bí, yóò dúró níwájú kóòtù àwọn ológun. Ìyá Àdúrà ń fẹ́ kí Raymond má ṣe dárúkọ Jason, ọmọ tòun, níbẹ̀.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan yí fúnra rẹ̀ wálẹ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú ọgbà ológun kékeré kan lápá Woolwich, níbi tí àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ó há ọmọ òyìnbó kan mọ́ ògiri. Darren lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún, kò tíì lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Nígbà tí wọ́n tú ọkọ̀ náà wò, bírékì ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ tán pátápátá. Bẹ́ẹ̀ káàdì àyẹ̀wò tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tó ṣáájú sọ pé bírékì dára, ọwọ́ Raymond ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Raymond kò wo abẹ́ ọkọ̀ yẹn rárá.

Ẹni tó bá mọ Raymond á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń fara ṣiṣẹ́. Ilé àwọn arúgbó kan ní Plumstead ni Rosaline ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbé wọn, ó ń yí wọn, ó ń nù wọ́n, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí gbogbo bẹ́ẹ̀dì bá gbẹ. Bí àwọn yòókù bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹ ọkọ̀ wò, wákàtí kan ni Raymond máa ń lò lábẹ́ tiẹ̀, tòun ti tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, tí ọ́ìlì á máa kán sí i létí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Grandad, torí ó ń pẹ́ bí bàbá àgbà.

Jason ni kọ́pọ́rà tó ń ṣe ọ̀gá wọn. Ọ́ìlì kì í kan apá aṣọ rẹ̀. Òwe Yorùbá kan ṣoṣo ló mọ̀, ahọ́n London ló sì fi ń pa á: "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ." Tó bá pa á tán, á gbá Raymond lẹ́yìn. "Don't work hard, àbúrò. Work smart."

Ọgbọ́n náà kò jinlẹ̀. Ibi tí ojú ọ̀gá bá dé, kí èèyàn ṣe é kó dán. Ibi tí ojú ọ̀gá kò bá dé, kí èèyàn fọwọ́ sí i. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ní agogo mẹ́ta, káàdì gbọ́dọ̀ pé lórí tábìlì Mèjọ̀, ọ̀gá àgbà ọgbà náà, káàdì sì ni Mèjọ̀ ń wò, kì í wo ọkọ̀. Káàdì àwọn ọmọ abẹ́ Jason ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn ọmọ abẹ́ ló sì ń fọwọ́ sí i. Ọwọ́ tirẹ̀ kì í sí níbẹ̀.

Ta ló fa Raymond lé Jason lọ́wọ́? Rosaline ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà wá sí ọgbà ológun yẹn, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó se jọ̀lọ́ọ̀fù kún kúlà ńlá, ó gbé e lọ sílé Ìyá Àdúrà. "Ẹ bá mi sọ fún Brother Jason kó máa mójú tó àbúrò rẹ̀." Ó tún yíjú sí Raymond, ó ní ohunkóhun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní kó ṣe, kó ṣe é. Bí a ti ń fi ọmọ lé àgbà lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ obìnrin náà pé ó léwu.

Ohun kan tún wà tí Rosaline kò tíì sọ fún ẹ̀dá kankan. Lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n kọ káàdì yẹn, Raymond fóònù rẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Mummy, Brother Jason ní kí n sign káàdì lọ́rì mẹ́fà. Méjì péré ni mo ti check. Ó ní Major ń dúró."

Rosaline fi èjìká kan gbá fóònù mọ́ etí, ó fi ọwọ́ kejì di bàbá arúgbó kan mú kó má baà ṣubú. Ara ń kan án. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ níṣẹ́ ni? Sign it, jàre. Má dójú tì mí."

Ọmọ náà sì lọ fọwọ́ sí i.

Ìyá Àdúrà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Jason wọlé. Lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ wọlé ṣáájú rẹ̀. Ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú Rosaline, ìdọ̀bálẹ̀ gidi, àyà kan ilẹ̀. "Auntie, ẹ forí jì mí."

Ó wá jókòó, ó ń ṣàlàyé bí ẹni ń ta mọ́tò. Ní July, wọ́n máa sọ ọ́ di sájẹ́ńtì. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ó parí. Ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ṣùgbọ́n Raymond kò ṣẹ̀ rí, wọ́n kàn máa bá a wí ni. "Èmi fúnra mi ni màá jẹ́ witness ẹ, Auntie. Màá sọ fún wọn pé hard worker ni. Táwa méjèèjì bá jọ ṣubú, ta ló máa gbé ẹnì kejì dìde?"

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni Ìyá Àdúrà wí láti ilẹ̀. "Ọ̀kan ni wá nínú ìjọ."

Raymond ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó fara ti ilẹ̀kùn. Ó ti rù. "Darren ńkọ́?" ló bi wọ́n. "He's eighteen. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀."

Jason gbọn èjìká. "Tó o bá dárúkọ mi, ṣé ẹsẹ̀ yẹn máa hù padà?"

Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló yẹ kí Rosaline lé ìyá àtọmọ síta. Ṣùgbọ́n orúnkún àgbàlagbà ṣì wà nílẹ̀. Bí Raymond bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣé kò ní kan ti fóònù yẹn?

"Mummy," ni Raymond wí, ó ń wò ó tààrà, "ẹ fẹ́ kí n parọ́?"

"Mi ò ní kó o parọ́. Mo ní kó o dákẹ́."

Ọmọ náà yíjú, ó padà sókè. Ìyá Àdúrà dìde fúyẹ́ bí ọmọge, ó gbọn ìró rẹ̀. Jason sì bèèrè bóyá ọbẹ̀ wà nílé, nítorí òórùn kan ń ta sánsán láti kíṣìnnì. Ẹran mẹ́ta ló jẹ. Ó fa mùdùnmúdùn inú eegun débi tó fi dún.

Lọ́jọ́ Ajé, Rosaline jókòó sẹ́yìn nínú kóòtù. Wọ́n bi Raymond bóyá ẹnì kan ló ní kó fọwọ́ sí káàdì tí kò yẹ̀ wò. Ó ní rárá, kò sẹ́ni kankan. Wọ́n wá pe Jason. Bàtà rẹ̀ ń dán, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ gún régé. Ó sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara pé àìmọye ìgbà lòun ti kìlọ̀ fún ọmọkùnrin yìí. Ó ní ó máa ń fa iṣẹ́ nílẹ̀, á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kan fún odidi wákàtí, bí àsìkò bá sì ti fẹ́ lọ, á kàn fọwọ́ sí ìyókù. Ó ní ó dun òun, nítorí bí àbúrò lòun ṣe mú un.

Ẹ wo ìwà ìbàjẹ́! Aápọn ọmọ ọlọ́mọ ló mú níwájú gbogbo èèyàn, ó sì pè é ní ọ̀lẹ.

"It's a lie!" Rosaline ti dìde. "Èmi ni mo ní kó sign! He phoned me! Jason lied!"

Ọ̀gá ológun kan wá bá a, ó rọra sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn ẹlẹ́rìí, kó jókòó tàbí kó jáde. Lọ́yà bi Raymond bóyá òótọ́ ni ìyá rẹ̀ ń sọ. Raymond kò wẹ̀yìn. Ó ní ìyá òun kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ológun. Oṣù mẹ́sàn-án ní ẹ̀wọ̀n ológun ni wọ́n fún un, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Níta, Darren jókòó nínú kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n ti fi píìnì há ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sókè. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ Jason mú méjèèjì. Ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òtítọ́.

Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ Jason lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta nínú July, ní gbọ̀ngàn tí ìjọ ń yá lò ní Abbey Wood. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù wá, ìlà mẹ́ta sájẹ́ńtì lápá. Pásítọ̀ ní kó bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ fún wọn pé agbára nìkan kò tó, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọgbọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ wá ní kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun mú un jáde, kí wọ́n fà á lé Sergeant Jason lọ́wọ́.

Rosaline dìde. "Ẹ má fún un lọ́mọ! Jason ló ní kí Raymond fọwọ́ sí i! Èmi náà sì wà níbẹ̀, èmi náà ní kó ṣe é!"

Ìyá Àdúrà ló kọ́kọ́ dá orin. Ohùn rẹ̀ ròkè, agogo gbà á, àtẹ́wọ́ gbà á, gbogbo ìjọ dìde lórí ẹsẹ̀ wọn. Rosaline ń pariwo, kò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àwọn kan ń rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká kó jókòó.

Nígbà náà ló rí Ṣọlápé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń kúrò níbẹ̀, tó ń fa Ẹ̀ríolúwa, àkọ́bí rẹ̀, lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ṣọlápé. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹjọ́ Raymond, òun nìkan ni Rosaline ro gbogbo rẹ̀ fún, tòun ti ọ̀rọ̀ fóònù. Àwọn méjèèjì jọ sunkún ni, Ṣọlápé sì ṣépè fún Jason débi tí Rosaline fi ní kó tó. Rosaline wá di aṣọ ìjọ funfun Ṣọlápé mú.

"Ṣọlápé! Ìwọ mọ̀! Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ!"

Ṣọlápé tẹ̀ síwájú sí etí rẹ̀ kó lè gbọ́. Ojú kò tì í.

"Mo mọ̀, Rosaline. Torí mo mọ̀ ni mo ṣe ń mú un lọ. Èmi náà rí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, mo sì rí ẹni tí wọ́n ń jó fún. Ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ kí n fi ọmọ tèmi sí?"

Ó gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ Rosaline, ó sì mú ọmọ náà jáde lọ bá Jason.