Ilẹ̀kùn Inú Ìwé Tíṣà

Ìwé tí Tíṣà yá mi wúwo bí òkúta. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ìwé náà ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, pé ẹni tí kò bá tíì kà á, kò tíì kàwé. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ jù ú sínú kànga.

Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló ń tọ́ mi. Aránṣọ ni. Bó bá ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi á máa ka ìwé náà sókè fún un. Ọkùnrin tó kọ ọ́ kì í kánjú. Kí èèyàn tó wọlé, á kọ́kọ́ ṣàlàyé ilẹ̀kùn: igi rẹ̀, ìṣó rẹ̀, ibi tí ọ̀dà ti bó.

"Ṣé káfíńtà ni bàbá yìí ni?" Àǹtí á wí, àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, bí oorun bá ti fẹ́ gbé mi lọ, gbólóhùn kan á yọ, á gún mi lọ́kàn, n ó sì tún un kà.

Ìtàn obìnrin kan ni, tí ọkọ rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ tí kò padà. Ọkọ Àǹtí náà lọ síṣẹ́ lókè òkun, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kóòtù tí Àǹtí rán dè é ṣì wà lára ògiri.

"Bí ọkọ tìyẹn bá dé," Àǹtí sọ lọ́jọ́ kan, "tèmi náà ń bọ̀."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Àfi bó ṣe mú kóòtù náà kúrò lára ògiri, tó ń tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè fẹ̀ sí i. "Á ti sanra níbẹ̀," ó ní.

Mo sáré ka ìwé náà dópin láìsọ fún un. Ọkọ náà kò dé. Obìnrin náà ń gbé fìtílà sójú fèrèsé títí ó fi darúgbó. Ojú ìwé tó kẹ́yìn dùn débi pé mo sunkún, mo sì ṣépè fún ẹni tó kọ ọ́. Ta ló ní kó fi ẹnu dídùn bẹ́ẹ̀ ṣìkà?

Nígbà tí a kan ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo tẹjú mọ́ ìwé, mo sì ka ohun tí kò sí níbẹ̀: "Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó ní, 'Mo ti dé.'"

Maṣíìnì dákẹ́.

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn ilé wọn, Àǹtí."

"Bàbá tó fi odidi ọ̀sán ṣàlàyé ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ fún wa? Òun ló wá ní 'ilẹ̀kùn ṣí', ó parí?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. "Ìwọ ọmọ yìí. Ka ohun tó kọ."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Kà á."

Kí ni mo lè ṣe? Mo kà á. Fìtílà, fèrèsé, ewú orí. Ohùn mi gbọ̀n níbi tó dùn jù, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn, pé ó ṣì dùn.

Àǹtí ò sunkún. Ó gbé kóòtù náà lé itan, ó ń fọwọ́ pa ibi tó tú.

"Ó tán?"

"Ó tán, Àǹtí."

"Má tíì dá a padà fún Tíṣà." Ó ń wá ojú abẹ́rẹ́ tó fẹ́ ti òwú bọ̀. "Padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà nílé."